Compiler Kì í Ṣe Òfin

Tí compiler bá ti ní kóòdù wa ò dáa, ara wa la máa ń kọ́kọ́ fura sí. Kò burú, àwa la sábà máa ń jẹ̀bi. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà.

Fortran, tí IBM gbé jáde ní 1957, kò ya ọ̀rọ̀ kankan sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀. A lè sọ nọ́ńbà kan ní "if", ká wá kọ if = 5. Òfin ISO tó de èdè náà gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, compiler kan tí a lò ta kú pé àṣìṣe ni.

Àwọn ọ̀rẹ́ wa ní, "Ẹ yí orúkọ yẹn padà jàre, ṣó tó ìjà ni?" Òótọ́ ni, orúkọ náà ò dáa. Kí compiler kìlọ̀ fún wa nígbà náà! Ìkìlọ̀ yàtọ̀ sí ìdájọ́. Kóòdù àtijọ́ tí ẹni tó kọ ọ́ ti fẹ̀yìn tì ńkọ́, ta ni yóò tún un kọ?

Ẹ gé e kù sí ìlà mẹ́rin, ẹ tọ́ka sí òfin, ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe compiler náà. Kòtò ojú ọ̀nà tí a yà fún tí a ò dí, ẹlòmíì ni yóò kó sí i.