Ilé Ìkàwé Ló Yẹ Kó Ru Ẹrù Yìí

Ní ọdún 2015, ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Lebanon ní ìpínlẹ̀ New Hampshire ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé Kilton ya kọ̀ǹpútà kan sọ́tọ̀, wọ́n sì so ó mọ́ Tor, ọ̀nà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí a mọ ẹni tí ń kọjá. Kò pẹ́, kò jìnnà, òṣìṣẹ́ ààbò ìjọba àpapọ̀ kan gbọ́ sí i, ó ta ọlọ́pàá lólobó, ọlọ́pàá sì wá ka oríṣiríṣi ìwà ọ̀daràn tí a lè gba ibẹ̀ hù sí àwọn alákòóso létí, títí wọ́n fi pa ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án, tí ìgbìmọ̀ ilé ìkàwé jókòó, tí àwọn ará ìlú sì ti sọ tẹnu wọn, ìpinnu tí wọ́n ṣe ni pé kí a tan án padà. Mo kan sáárá sí wọn. N kò sì ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ilé ìkàwé tàbí yunifásítì tí ó ní íntánẹ́ẹ̀tì tí ó pọ̀ tó, tí kò ru nínú ẹrù yìí, ojúṣe rẹ̀ ni ó ń sá fún.

Kọ̀ǹpútà ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Tor yóò di ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìdì mẹ́ta, ọ̀kan nínú èkejì, yóò sì gbé e lé relay mẹ́ta lórí, tí èmi yóò máa pè ní aláàárù, nítorí ẹrù ẹlẹ́rù ni wọ́n ń rù. Èkínní mọ ẹni tí ó gbé ẹrù, kò mọ ibi tí ó ń lọ; èkejì kò mọ̀ ju àwọn aláàárù ẹgbẹ́ rẹ̀ méjì lọ; ẹ̀kẹta mọ ibi tí ẹrù ń lọ, kò mọ ẹni tí ó ni ín. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló wà káàkiri ayé, àwọn tí ó sì ń fi tinútinú bọ́ wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń kọjá. Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì aláàárù ìkẹyìn ni ayé ń rí, nítorí náà, bí ẹrù bá di ẹrù ibi, ilẹ̀kùn rẹ̀ ni ọlọ́pàá ń kàn.

Wọ́n kan ti Dmitry Bogatov, olùkọ́ ìṣirò ní Moscow, ní oṣù Kẹrin ọdún 2017, nítorí ọ̀rọ̀ ìdàrúdàpọ̀ tí ẹlòmíràn gba orí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ. Oṣù Keje ni ó tó kúrò ní àtìmọ́lé bọ́ sí ìhámọ́ inú ilé, ọdún 2018 ni wọ́n sì tó jáwọ́ nínú ẹjọ́ náà.

Àwọn tí ó kórìíra Tor a máa pa á lówe pé ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un. Òwe àgbà ni, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba epo sílẹ̀ rí epo, ó rí olè, ó sì mọ àjà tí epo ti wá. Aláàárù tiwa kò mọ olè, kò mọ àjà. Wọn a tún dárúkọ Silk Road, ọjà oògùn olóró tí ìjọba Amẹ́ríkà tì pa ní ọdún 2013, bí ẹni pé ẹrù irú ọjà bẹ́ẹ̀, tí kì í jáde kúrò nínú Tor rárá, ń gba ọwọ́ aláàárù ìkẹyìn kọjá. Inú ilé ìkàwé kan ní San Francisco ni wọ́n sì ti mú ọlọ́jà náà, níbi tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀. N kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n ti ilé ìkàwé pa.

Ewu gidi ń bẹ, àwọn tí ń pariwo ọ̀daràn kì í sì í mẹ́nu kàn án. Bí ẹrù kò bá ní ìdì tirẹ̀ lábẹ́ ìdì Tor, aláàárù ìkẹyìn lè tú u wò. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, àjèjì kan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ ti gba ohun tí ó lé ní ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún agbára gbogbo aláàárù ìkẹyìn, ó sì ń darí owó bitcoin àwọn tí ń kọjá sínú àpò ara rẹ̀. Bí àwọn ilé tí ó ní orúkọ, tí ó ní ìgbìmọ̀ àti agbẹjọ́rò, bá ti kún ojú ọ̀nà náà ni, níbo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ì bá ti rí àyè tó bẹ́ẹ̀? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ wá wo àwọn àgbà ọjà yìí, tí wọ́n ń wo olùkọ́ ìṣirò níran.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn yunifásítì tiwa ní Ìbàdàn Mesìọ̀gọ̀, ní Ifẹ̀ Oòdáyé, ní Èkó Akéte. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 tí ìjọba àpapọ̀ ti Twitter mọ́ wa títí di oṣù Kínní ọdún 2022, VPN ni ọ̀pọ̀ wa sá sí, tí ẹni tí ó ni ín lè máa wo gbogbo ibi tí a yà sí, a kò sì bi í léèrè ẹni tí í ṣe. Wọn yóò ní iná kò sí. Ṣùgbọ́n iná tí ó ń gbé ẹ̀rọ ìforúkọsílẹ̀ àti ìsanwó wọn dúró yóò gbé kọ̀ǹpútà kan sí i. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ipò àárín, bí Kilton ti ṣe, níbi tí àdírẹ́sì wọn kò ti ní hàn sí ẹni tí ẹrù ń bá lọ. Bí ọwọ́ wọn bá ti mọ́ ọn, kí wọ́n bọ́ sí ìkẹyìn, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí àdírẹ́sì náà pé aláàárù Tor ni, kí wọ́n sì fi nọ́ńbà agbẹjọ́rò yunifásítì sí abẹ́ rẹ̀.