Òkúta Ibojì Àwọn Ọba Gao
Ọdún 1939 ni wọ́n rí àwọn òkúta ibojì ọba ní Gao-Saney, ní Málì. Lẹ́tà Lárúbáwá tí ọmọ ilé-kéwú Ìsẹ́yìn àti Ṣakí ń kọ sí wàláà ni wọ́n fín sí wọn, àmọ́ ti Gao rí ṣóńṣó, kò sì ní àmì tótòtó. Kíkà rẹ̀ kì í ṣe eré. Ọ̀kan dárúkọ ọba Muhammad tó kú ní 494 Híjírà, ìyẹn 1100. Mábù ni òkúta náà, Almería ní Sípéènì ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ.

Ibi tó ta kókó ni pé orúkọ àwọn ọba wọ̀nyí kò fi bẹ́ẹ̀ bá ti inú ìwé ìtàn Timbuktu mu, èyí tí wọ́n kọ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Nínú ìwé rẹ̀ ti 2003, onímọ̀ ìtàn Moraes Farias ní àwọn òǹkọ̀wé Timbuktu tún ìtàn tò kó lè bá òṣèlú ìgbà tiwọn mu.