Ta Ni Yóò Ṣàlàyé Sáyẹ́ǹsì fún Àwọn Ará Àfọ̀n?

Bí ọmọ kan láti Àfọ̀n, Ayétòrò tàbí Ìlaròó bá yege nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹbí máa ń bi í: dókítà ni yóò dà ni, tàbí ẹnjiníà? Bí ó bá dáhùn pé òun fẹ́ fi ìmọ̀ náà ṣe iṣẹ́ àlàyé fún ará ìlú, lórí rédíò, nínú ìwé ìròyìn, ní ọjà àti ní oko, wọn a bú sẹ́rìn-ín. Wọn a ní iṣẹ́ ẹnu lásán ni, pé ẹni tí kò rí iṣẹ́ gidi ṣe ní í ṣe é. Èrò yìí kò tọ̀nà rárá. Àìsí irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti gba ẹ̀mí ní ilẹ̀ Nàìjíríà, yóò sì tún gbà sí i bí àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí kò bá dìde.

Kí ni iṣẹ́ náà gan-an? Alárinà ni ẹni tó ń ṣe é, láàrin ẹni tó ṣe ìwádìí àti ẹni tí ìwádìí náà kàn. Ó gbọ́dọ̀ lóye ohun tí onímọ̀ rí. Ó gbọ́dọ̀ lè sọ ọ́ ní èdè tí àgbẹ̀ àti ìyá alágbo yóò gbọ́ yéké. Ó sì gbọ́dọ̀ fetí sí ìbéèrè àwọn wọ̀nyí, kí ó gbé e padà tọ onímọ̀ lọ. Apá kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Ẹni tó bá ń pàṣẹ fún ará ìlú láìgbọ́ tẹnu wọn kò ṣàlàyé ohunkóhun. Akéde lásán ni.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òkè Ọya. Ní ọdún 2003, àwọn ìpínlẹ̀ kan, Kano nínú wọn, dá àjẹsára àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró nítorí ìròyìn tó gbòde pé oògùn náà ń sọ ọmọbìnrin di àgàn. Ó di ọdún 2004, nígbà tí wọ́n ti lọ ra oògùn tí wọ́n ṣe ní Indonesia, ilẹ̀ tí Mùsùlùmí pọ̀ sí jọjọ, kí Kano tó gbà kí iṣẹ́ náà tún bẹ̀rẹ̀. Àrùn náà ti rìn jìnnà kí ó tó di ìgbà náà. Ó padà wọ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti rò pé àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2006, àwọn tí ó mú ní Nàìjíríà láàrin ọdún kan ṣoṣo lé ní 1,100.

Àwọn kan yóò yára sọ pé òmùgọ̀ ni àwọn ará Kano. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà ní Kano, ilé-iṣẹ́ Pfizer ṣe ìdánwò oògùn kan tí nǹkan bí 200 ọmọ kópa nínú rẹ̀, tí 11 nínú wọn sì kú. Àwọn òbí fẹ̀sùn kàn án pé kò là á yé àwọn. Ilé-iṣẹ́ náà kò gbà pé oògùn òun ló pa wọ́n, ṣùgbọ́n ní ọdún 2009 ó fẹnu kò pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Kano láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ìfura ni ó wà níbẹ̀, kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàlàyé sáyẹ́ǹsì fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ ọdún 1996 pamọ́. Ó ní láti gbà pé ó ṣẹlẹ̀, kí ó tó fi ìyàtọ̀ tó wà láàrin oògùn ìdánwò àti àjẹsára tí wọ́n ti ń lò kárí ayé láti ọjọ́ pípẹ́ hàn wọ́n.

Ta ló sì tún ọ̀ràn náà ṣe níkẹyìn? Àwọn ọba, àwọn lémọ́ọ̀mù, àwọn olùkọ́ ilé-kéwú, àti àwọn obìnrin tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ni. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé irú àrùn náà tó jẹ́ ti àdáyébá ti kúrò ní Áfíríkà. Àjẹsára náà ni wọ́n ṣì fi ṣe é. Ohun ńlá tó yàtọ̀ ni ẹnu tó ṣàlàyé rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ Òkè Ọya nìkan ni. Ní oṣù Keje ọdún 2014, àrìnrìn-àjò kan gbé àrùn Ebola wọ Èkó. Èèyàn 20 ni ó mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ sì kú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ọ̀rọ̀ kan gba orí fóònù kan pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún. Ìròyìn sì jáde pé iyọ̀ àmujù pa àwọn kan tí Ebola kò fọwọ́ kàn rárá. Àwọn tó kàwé ló ń fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ara wọn, nítorí náà ìwé kíkà nìkan kò gba ènìyàn lọ́wọ́ irọ́.

Àpẹẹrẹ rere kan wà nítòsí Yewa. Ní Ìdèrè, ní Ìbàràpá, sobìyà fojú àwọn àgbẹ̀ rí màbo nígbà kan. Àwọn kan gbà pé láti inú ara ènìyàn ni ó ti ń wá, bí iṣan. Àwọn olùkọ́ nípa ìlera láti Yunifásítì Ìbàdàn kò fi wọ́n ṣẹ̀sín ní àwọn ọdún 1980. Wọ́n jókòó tì wọ́n, wọ́n kọ́ àwọn ará ìlú fúnra wọn ní iṣẹ́ ìlera, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n máa rán aṣọ asẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi mímu. Ní òpin àwọn ọdún náà, àwọn tí sobìyà mú ní Nàìjíríà lé ní 650,000. Ní ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn, ní ọdún 2013 sì ni àjọ WHO fọwọ́ sí i pé ó ti tán. Sobìyà kò ní àjẹsára, kò sì ní oògùn tó ń pa á. Àlàyé, aṣọ asẹ́ àti omi tó mọ́ ni wọ́n fi ṣẹ́gun rẹ̀. Ṣé iṣẹ́ ẹnu lásán ni èyí?

Ẹ̀bi ńlá wà lọ́rùn àwọn ọ̀mọ̀wé pẹ̀lú. Wọ́n ń fi owó ìlú ṣe ìwádìí, wọ́n ń fi èdè Òyìnbó kọ ọ́ fún ara wọn, wọ́n sì ń fi ìwé náà gba oyè, nígbà tí àgbẹ̀ tí wọ́n wọ oko rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babatunde Fafunwa, tí í ṣe Mùsùlùmí, ti fi hàn, nínú iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970, pé ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò kò rẹ̀yìn. Ó tilẹ̀ ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ ní èdè abínibí ní ọdún 2022, ó sì tún fagi lé e ní ọdún 2025. Bí ìjọba bá ń ṣe iyèméjì, kò yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ ṣe é.

Àwọn kan sọ pé iṣẹ́ náà kò bá ẹ̀sìn mu, pé ti Òyìnbó ni. Wọn kò mọ ìtàn. Ar-Razi, ògbólógbòó oníṣègùn Mùsùlùmí tó kú ní nǹkan bí ọdún 925, kọ ìwé kan ní pàtó fún ẹni tí kò ní dókítà nítòsí. Ó mọ̀ pé ìmọ̀ tí kò dé ọ̀dọ̀ tálákà kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí kò bá ẹ̀sìn mu ni kí àáfà gun mínbárì, kí ó máa sọ nípa oògùn ohun tí kò wádìí.

Àwọn mìíràn ní kò sí owó níbẹ̀. Lóòótọ́, kì í ṣe iṣẹ́ àsọdolówó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà. Yunifásítì Ìbàdàn ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa ìgbélárugẹ ìlera. Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta ní ilé-iṣẹ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbé ìmọ̀ lọ bá àwọn àgbẹ̀, ó sì ní rédíò tirẹ̀. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ nílò àwọn olùkọ́ nípa ìlera. Iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀ Yewa fún ẹni tó bá gbọ́ èdè ibẹ̀. Láti ọdún 2016 ni kòkòrò tuntun kan láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń jẹ àgbàdo ní Nàìjíríà. Ta ni yóò sọ fún àgbẹ̀ Àfọ̀n irú oògùn tó yẹ, ìwọ̀n rẹ̀, àti bí yóò ṣe dáàbò bo ara rẹ̀? Ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì ńlá ti wà ní Ìbèsè; bí ará ìlú bá béèrè nípa eruku àti omi kànga, ta ni yóò dá wọn lóhùn, tí kì í ṣe ẹni tí ilé-iṣẹ́ náà ń sanwó fún?

Nítorí náà, kí àwọn òbí yéé fi ọmọ tó yan iṣẹ́ yìí ṣẹ̀sín. Kí àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí yọ owó sọ́tọ̀ láti rán wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Kí àwọn lémọ́ọ̀mù fún wọn ní àyè lẹ́yìn ìrun jímọ̀ọ̀ àti ní ibi asalátù, kí àwọn ènìyàn lè béèrè ohun tó bá wù wọ́n láìbẹ̀rù. Kí àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn sì kọ́ sáyẹ́ǹsì dé ojú àmì, nítorí ẹni tí kò mọ̀ kò lè ṣàlàyé. Kí wọ́n sì mọ Yorùbá dáadáa, nítorí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé ènìyàn kò tíì sọ̀rọ̀. Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tó ṣàǹfààní ta wọ́n lọ́rẹ, kí Ó sì fún wọn ní ahọ́n òtítọ́ tí wọn yóò fi pín in. Àmín.