Kí A Tó Fi Owó Ẹgbẹ́ Ra Oògùn Ẹ̀ka Igi

Ẹ̀yin ìyá ọjà o. Èmi akọ̀wé yín náà ni. Ọ̀rọ̀ òní kò gùn, àmọ́ owó wa ló wà nínú ẹ̀.

Ní ìpàdé tí a ṣe kẹ́yìn, a gbọ́ pé ọkùnrin kan ń gbé ìgò oògùn kiri, ó ní bí wọ́n bá fọ́n ọn sára igi ọsàn, igi á pẹ̀ka, èso á di ìlọ́po méjì. Àwọn kan nínú wa ní ká yọ owó nínú àpò ẹgbẹ́, ká rà á fún àwọn àgbẹ̀ tó ń tajà fún wa. Wọ́n ti kọ ìwé owó náà, ó ku kí n fọwọ́ sí i. N ò tíì fọwọ́ sí i o.

N ò bá wọn jà. Ohun tó ń dùn wọ́n ń dun èmi náà. Àwa ọlọ́sàn Odò-Orí, orí igi la ti ń rà á, a ó ti sanwó kó tó pọ́n. Bí igi bá wá ga gbọọrọ bí òpó iná, tí kò pẹ̀ka nísàlẹ̀, àwọn ọmọ tó ń bá wa gùn ún á máa jù ú sílẹ̀ látòkè, èyí tó bá sì fọ́, tiwa ni. Lọ́dún kan, ọmọ tó ń bá mi ká ọsàn já bọ́, apá ẹ̀ kán. Owó tí mo fún ẹni tó to eegun ẹ̀ ju èrè ọsàn yẹn lọ.

Òótọ́ ni pé oògùn tó ń mú igi pẹ̀ka wà. Nínú ọ̀mùnú tó wà ní ṣóńṣó orí igi, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní auxin. Ó máa ń sọ̀ kalẹ̀, kì í jẹ́ kí àwọn ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi hù, bí ìyálé tí kì í jẹ́ kí ìyàwó kékeré sọ̀rọ̀. Ní 1933, Kenneth Thimann àti Folke Skoog ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí a bá gé orí ẹ̀wà, ojú ẹ̀gbẹ́ á hù, àmọ́ bí a bá fi auxin lé ibi tí a gé, wọ́n á tún dákẹ́. Cytokinin ló ń jí wọn. Ọ̀kan nínú ẹ̀, benzyladenine, ni àwọn tó ń gbin ápù lókè òkun ń fọ́n sára igi kékeré kó lè pẹ̀ka.

Ṣùgbọ́n àwọn yẹn ń wọ̀n ọ́n, wọ́n mọ igi, wọ́n mọ ìgbà. Ìgò ti ọkùnrin yìí, mo yí i síwá sẹ́yìn, n ò rí orúkọ oògùn, n ò rí nọ́ńbà NAFDAC. Bẹ́ẹ̀ oríṣiríṣi ni oògùn tó ń darí bí igi ṣe ń dàgbà. Gibberellin wà níbẹ̀: bí a bá fọ́n ọn sára ọsàn nígbà tó fẹ́ tanná, òdòdó ẹ̀ á dínkù. 2,4-D náà wà níbẹ̀, tí àwọn àgbẹ̀ fi ń pa koríko nínú oko àgbàdo. Èwo ló wà nínú ìgò? Bí igi bá gbẹ, ṣé ọkùnrin yẹn la ó rí, àbí àgbẹ̀ tó máa wá jókòó síwájú ìsọ̀ wa?

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ wa ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́. Bí wọ́n bá já orí ewédú tàbí tẹ̀tẹ̀, ṣé kì í pẹ̀ka lẹ́gbẹ̀ẹ́? Bẹ́ẹ̀ náà ni igi. Bí ọsàn kékeré bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mẹ́ta, kí àgbẹ̀ fi ọ̀bẹ mímú tó mọ́ gé orí ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ òjò. Ojú púpọ̀ á yọ. Kó fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó yí igi ká sílẹ̀, kó gé ìyókù. Bó bá jẹ́ ọsàn àgíríìkì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, èyí tó bá yọ lábẹ́ ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, kó gé e dànù, torí kì í ṣe ọsàn tí a fẹ́ rà ló máa so. Igi àgbà ńkọ́? Díẹ̀díẹ̀ ni, kì í sì í ṣe nínú ọ̀gbẹlẹ̀, kí oòrùn má baà jó èèpo ẹ̀.

Ẹnìkan á ní ó pẹ́. Ó pẹ́ lóòótọ́, a ò ní jẹ èrè ẹ̀ lọ́dún yìí. Oògùn náà ò lè sọ igi kékeré di eléso lọ́dún kan.

Àbá tèmi ni pé ká fi owó yẹn wọkọ̀ fún èèyàn méjì nínú wa àti àgbẹ̀ méjì, kí wọ́n lọ sí NIHORT ní Ìdí-Ìṣin, Ìbàdàn, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1975 fún ìwádìí lórí èso àti ẹ̀fọ́. Kí wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń gé e, kí wọ́n sì béèrè bóyá oògùn kan wà tó yẹ ọsàn wa. Bí wọ́n bá dárúkọ èyí tó ní nọ́ńbà NAFDAC, èmi náà á fọwọ́ sí i.

Ìwé owó náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tí ọ̀rọ̀ mi ò bá tẹ́ lọ́rùn, kó wá bá mi ní ìsọ̀ kó tó di ọjọ́ ìpàdé, kó má kùn lẹ́yìn o.