Bíbo Orúkọ Ìgò Nìkan Kò Tó

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìgò wáìnì ṣe ń rí níbi àpèjẹ ìtọ́wò aláìmọ̀rúkọ. Onílé a fi ọ̀rá dúdú bo ìgò, a kọ nọ́ńbà sí i lára, àwọn àlejò a sì tọ́ ọ wò láìmọ ilẹ̀ tó ti wá tàbí iye tí wọ́n rà á. Ọ̀pọ̀ onílé gbà pé bí orúkọ bá ti fara sin, ìdájọ́ òdodo ti dé. Irọ́ gbuu ni. Níbi tí wọ́n ti ń ṣa ìgò ni òdodo ti ń bẹ̀rẹ̀; ibẹ̀ náà ni ojúsàájú ti ń wọlé.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Páríìsì ní ọjọ́ 24, oṣù Karùn-ún, ọdún 1976. Steven Spurrier, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ta wáìnì níbẹ̀, kó adájọ́ mẹ́sàn-án jọ, ọmọ Faransé ni gbogbo wọn. Ó gbé wáìnì funfun 10 àti pupa 10 síwájú wọn, láìjẹ́ kí wọ́n mọ èyí tó jẹ́ ti Faransé àti èyí tó jẹ́ ti Kalifóníà. Nígbà tí wọ́n ro máàkì pọ̀, Chateau Montelena ti 1973 ló ṣe ipò kìn-ín-ní nínú funfun, Stag's Leap Wine Cellars ti 1973 ló ṣe é nínú pupa. Kalifóníà ni méjèèjì ti wá.

Kì í ṣe bíbo orúkọ nìkan ló fún èsì náà ní iyì. Chardonnay ni Spurrier fi ko Chardonnay lójú. Cabernet Sauvignon ti Kalifóníà ló sì fi ko pupa Bordeaux, tí irú èso àjàrà kan náà wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, àléébù kan wà níbẹ̀: nínú 10 kọ̀ọ̀kan, 6 jẹ́ ti Kalifóníà, 4 péré jẹ́ ti Faransé. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn èsì náà rí ibi dì mú.

Bí ti Páríìsì bá ní àléébù, kí ni kí a sọ nípa onílé tó da wáìnì dídùn bí oyin pọ̀ mọ́ èyí tó kan, tó sì ní kí wọ́n sọ èyí tó dára jù? Kí ni ti ẹni tó fi ìgò olówó gọbọi kan sáàárín márùn-ún tí kò níláárí, kí ó lè yangàn? Irú èso àjàrà kan ni kí ó mú, kí ó rà á láti ilẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bíi Ṣílè, Gúúsù Áfíríkà àti Faransé, kí owó wọn má jìnnà síra. Kí ó wo ìrísí ìgò pẹ̀lú: èjìká ìgò Bordeaux yọ gedegbe, ti Burgundy rọra ṣẹ́rí wálẹ̀, ọ̀rá kò lè bo èyí. Kí ó fi wáìnì kan náà sábẹ́ nọ́ńbà méjì, kí a lè mọ adájọ́ tí ẹnu rẹ̀ ń ṣe ségesège. Kí ẹni tó sì mọ àṣírí má ṣe dá sí ìdájọ́.

Àwọn kan ń sọ pé àbùkù ni fún orúkọ ńlá láti wà nínú ọ̀rá. Ẹ̀rù orúkọ ló ń bà wọ́n. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní Kalifóníà ní 2008, wọ́n fún àwọn ènìyàn ní wáìnì kan náà, wọ́n pe owó rẹ̀ ní dọ́là 10 lẹ́ẹ̀kan, dọ́là 90 lẹ́ẹ̀kejì. Èyí tí wọ́n pè ní 90 ló dùn mọ́ wọn lẹ́nu jù. Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ẹnu tó ti gbọ́ iye owó kò lè sọ ọ́ bákan náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí olùkọ́. Bí wọ́n bá fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ lára ìwé ìdánwò, ṣùgbọ́n tí ìbéèrè jẹ́ ohun tí wọ́n kọ́ kíláàsì kan tí wọn kò kọ́ èkejì, òdodo wo ló wà níbẹ̀? Ẹni tó yan ohun tí wọ́n fẹ́ dá lẹ́jọ́ ti dá ìdajì ẹjọ́ náà. Kí ó yàn án pẹ̀lú ọwọ́ mímọ́.