Àkísà Òróró Inú Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà

 Ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn, n kò sì fẹ́ kí ilé jó tán kí a tó sọ ọ́.

Òrí ni púpọ̀ nínú wa fi ń pa àga tuntun. Ìyá tèmi a máa fi í pa odó àti ìgbákọ. Ìyẹn kò burú, nítorí òrí ṣeé jẹ. Lọ́kọ́ja sì mọ òrí tipẹ́: láti 1886 títí di òpin 1899, nígbà tí Royal Niger Company ń ṣòwò lórí Odò Ọya pẹ̀lú ìwé àṣẹ Ọbabìnrin, òrí wà nínú ẹrù tí ń lọ sí òkè òkun. Ṣùgbọ́n òrí kì í gbẹ. Àga tí a fi í pa yóò máa yí aṣọ àlejò, eruku ọyẹ́ yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn. (Ọ́ìlì mọ́tò àlòkù tí àwọn kan fi ń lé ikán, ẹ jọ̀wọ́, kó má dé ibi oúnjẹ.)

Òróró tí ń gbẹ ni àga àti ilẹ̀kùn ń fẹ́: ti línsíìdì, tí àwọn ayàwòrán Yúróòpù fi ń po ọ̀dà láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn, tàbí ti igi tung láti Ṣáínà. Ẹ fi aṣọ pa á fẹ́lẹ́, kí ẹ nu èyí tí igi kò mu kúrò. Kì í gbẹ bí omi. Afẹ́fẹ́ ni ó ń fà mọ́ra títí yóò fi le, bí ó sì ti ń fà á ni ó ń mú ooru jáde. Bí a bá ká àkísà rẹ̀ jọ sí kọ̀rọ̀, ooru kò ríbi gbà, iná lè ràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣá ìṣáná.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá nígbà tí èéfín yọ láti kọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. A pa á. Ọ̀gá ní ọmọ iṣẹ́ òun ló mu sìgá, ó sì nà án. Ọmọ náà ń búra, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́, èmi pàápàá kò gbà á gbọ́.

Mo rọ ẹgbẹ́ kí a sọ èyí ní ìpàdé: kí káfíńtà kọ̀ọ̀kan ní garawa omi, kí àkísà wọ inú rẹ̀ kí a tó ti ilẹ̀kùn. Kí ọ̀gá náà sì pe ọmọ yẹn, kí ó bẹ̀ ẹ́. Èmi yóò bá a lọ.