Ògiri Ni Kí Olùrà Róòsì Kọ́kọ́ Wò

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, róòsì tí ń gun ògiri wọ́pọ̀ lára ilé, lórí ọgbà onípákó àti lẹ́nu géètì. Àwòrán òdòdó ni ọ̀pọ̀ olùrà fi ń yan tiwọn, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibi tí róòsì yóò dúró sí ló yẹ kó pinnu èyí tí wọn yóò rà: bí oòrùn ṣe ń dé ibẹ̀ sí, bí àyè ṣe tó, irú ilẹ̀ tó wà níbẹ̀. Àwọ̀ àti òórùn dídùn ló kàn lẹ́yìn ìyẹn.

Róòsì kì í lọ́ mọ́ ọ̀pá bí iṣu. Ẹ̀gún rẹ̀ lè fi kọ́ ẹ̀ka igi, ṣùgbọ́n lára ògiri, ènìyàn ló gbọdọ̀ so ó mọ́ wáyà. Oríṣi méjì ni róòsì tí ń gun ògiri. Èyí tí wọ́n ń pè ní climber ní ọwọ́, ìyẹn ẹ̀ka gígùn, tó le àti òdòdó ńlá, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń tanná léraléra láti Oṣù Kẹfà títí òtútù yóò fi wọlé. Ọwọ́ oríṣi kejì, rambler, gùn, ó sì rọ̀. Òdòdó rẹ̀ kéékèèké a máa yọ ní ìdì-ìdì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ kì í tanná ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún.

Apá gúúsù ojú ọ̀run ni oòrùn ń gbà kọjá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ògiri tó kọjú sí gúúsù ló ń móoru jù, èyí tó kọjú sí àríwá kì í sì í rí oòrùn tó bẹ́ẹ̀. Ògiri gúúsù ló yẹ àwọn tí òtútù lè pa, bíi Rosa banksiae 'Lutea', róòsì aláwọ̀ ìyeyè láti ilẹ̀ Ṣáínà tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ẹ̀gún, àti 'Mermaid', tó jáde ní 1918. Kì í ṣe gbogbo róòsì ni ooru yìí bá lára mu. 'Zéphirine Drouhin', ti ọdún 1868, kò ní ẹ̀gún, èyí ló mú kí wọ́n máa gbìn ín sí ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n níbi tó gbẹ tí atẹ́gùn kò sì fẹ́ dáadáa, àrùn tí ń da funfun bo ewé kì í fi í sílẹ̀. Ibi gbayawu ló yẹ ẹ́.

Ògiri àríwá náà ní tirẹ̀. 'Madame Alfred Carrière', òdòdó funfun ti ọdún 1879, ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Òun náà ló wà lára South Cottage ní ọgbà Sissinghurst ní Kent, níbi tí òǹkọ̀wé Vita Sackville-West gbé. 'Golden Showers', tí kì í ga ju bíi mítà 3, wà fún ògiri tó kéré. 'Souvenir du Docteur Jamain' tilẹ̀ ń fẹ́ ibòji díẹ̀, torí pé oòrùn gangan a máa jó òdòdó rẹ̀ pupa dúdú. Síbẹ̀, ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé rárá kò yẹ róòsì kankan.

Lórí ọ̀rọ̀ àyè, 'Kiftsgate', tí orúkọ rẹ̀ wá láti Kiftsgate Court ní Gloucestershire, ń ga ju mítà 10 lọ. Igi ńlá ló lè gbà á. Ní ẹ̀yìnkùlé tóóró bíi ti àwọn ilé London tó so mọ́ra, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, 'Warm Welcome', tí kì í ga ju bíi mítà 2, ló bójú mu. 'New Dawn' wà láàárín méjèèjì. Ara róòsì kan tó ń tanná lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ló ti yà, ṣùgbọ́n òun ń tanná léraléra. Ní 1931, òun ni ọ̀gbìn àkọ́kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà fún ní ìwé-ẹ̀tọ́ oníṣẹ̀dá. Ó ń fara da ilẹ̀ tí kò lọ́ràá àti ibòji díẹ̀.

Ilẹ̀ amọ̀ dára fún róòsì bí omi kò bá dúró níbẹ̀. Ní ilẹ̀ ẹfun, ewé lè di aláwọ̀ ìyeyè nítorí pé gbòǹgbò kì í rí èròjà irin fà. Ìdí ògiri a máa gbẹ, torí pé ògiri ń dí òjò lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbin róòsì ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45 sí ògiri, tí wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ síhà ògiri náà.

Ọwọ́ tó bá ń lọ sókè tààrà, orí rẹ̀ nìkan ló sábà máa ń tanná, nítorí pé ṣóńṣó rẹ̀ ń dá àwọn èéhù ìsàlẹ̀ dúró. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí wáyà, yóò yọ òdòdó káàkiri. Ìgbà òtútù ni wọ́n ń rẹ́ ọwọ́ climber. Rambler ń fẹ́ kí wọ́n rẹ́ òun kété tó bá tanná tán, nítorí pé ọwọ́ tó hù lọ́dún tó kọjá ló fi ń tanná. Ẹni tó bá gé e nígbà òtútù ti gé òdòdó ọdún tó ń bọ̀ dànù.